Ohun tí Awò Fi Hàn Mí ní Ìsàn

Awò kan ṣoṣo la ní, ojú rẹ̀ sì ti họ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbá ojú mọ́ ọn
nínú yàrá tóóró lẹ́yìn ilé ìwòsàn Ìsàn,
tí mò ń wo ìlú tí kò lọ́ba,
tí èrò inú ẹ̀kán omi rẹ̀ kan pọ̀ ju èrò Èkìtì lọ.

Ìyá mi amọ̀kòkò bi mí: "Ìbídùn, kí lo ń wò níbẹ̀?"
Mo ní, iṣẹ́ yín náà ni.
Ara ènìyàn, ìkòkò wẹ́wẹ́ ni, a tò ó jọ láìníye,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú amọ̀kòkò tirẹ̀ nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kadà gbé Bàbá Fámúàgún dé,
ẹ̀wù òtútù méjì lọ́rùn, lójú oòrùn ọ̀sán.
"Ulé ni mo fẹ́ lọ," eyín ń lu eyín.
Mo gún un níka, mo tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, mo rẹ ẹ́ láró.
Àwọn nìyẹn: òrùka tín-ín-rín nínú pupa,
bí òrùka tí ìyàwó gbàgbé sínú àmù.
Ẹ̀fọn ló rù ú wá, kò mọ ẹrù tó rù.
Wọ́n jẹ inú ìkòkò tán, wọ́n fọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà.
Bàbá, àpáàdì yín ló ń gbọ̀n yín yẹn.

Ti Ìfẹ́dolápọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.
Omi odò tí gbogbo wa mọ̀ ló mu.
Èyí tẹ̀ kọrọdọ bíi kọmá inú ìwé,
kì í wọ ìkòkò, ẹnu ọ̀nà ìfun ló jókòó sí,
ó ń da oró sílẹ̀.
Oró náà kò fọ́ nǹkan kan.
Ó kàn pàṣẹ pé kí ilẹ̀kùn omi ṣí.
Ó ṣí.
Kí ìyá rẹ̀ tó pààrọ̀ ìró kẹta, ojú ọmọ ti wọ inú lọ,
awọ ikùn rẹ̀, o fà á, kò padà.
Iyọ̀, ṣúgà, omi sísè.
Ṣíbí kan. Ṣíbí kan. Ilẹ̀ mọ́.

(Èmi náà ní tèmi: lápálápá lẹ́yìn ọrùn,
ìbátan olú tí à ń já lẹ́yìn òjò.
Kò pa mí. Ó kàn ń họ mí nínú ìpàdé.)

Ṣùgbọ́n èyí tó mú Nọ́ọ̀sì Olúrántí lọ, n kò rí i rí.
Awò mi kò tó o.
Kò lẹ́nu, kò jẹun, kò mí;
ìwé àṣẹ lásán ni, tí a ká sínú awọ.
Ìtọ̀ èkúté lórí gààrí ló bá wá.
Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ jọ ti onílé, ó wọlé,
ó ní fún amọ̀kòkò: "Fi ti ilé yìí sílẹ̀. Èmi ni kí o máa mọ."
Amọ̀kòkò ń mọ ọ́n, ó ń mọ ọ́n,
títí ilé fi kún, tí ògiri fi ya.
A fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú yìnyín, ọkọ̀ gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀.
Ìsìnkú ṣíwájú èsì.

Ohun kan ṣì wà tí n kò lè sọ fún àwọn ẹbí:
iná ibà yẹn, àlejò kọ́ ló dá a.
Àwa la dá a, láti fi lé e,
nígbà mìíràn, ó ń ran àjà.

Mo bo awò, mo fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo délé.
Ìyá mi jókòó láàárín ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù,
ó ń fi ìka kan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí.
Ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀.
Mo gbé e, mo yí i po. N kò rí sísán kankan.
"Gbọ́ ọ," ó ní.