Ohun Tí Apá Mi Gbà

Ọyẹ́ dé Pákátà láàárọ̀ Àlàmísì,
kò kan ilẹ̀kùn.
Mo na apá mi wò lábẹ́ gílóòbù:
funfun ń já bọ́ sórí aṣọ tí mò ń gé,
bí ẹni pé ara mi ni ẹfun
tí mo fi sàmì sí ọrùn búbá oníbúbá.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí.
Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni omi àlùwàlá ń gba ara mi kọjá,
dé ìgúnpá, dé kókósẹ̀,
tó bá sì ń lọ, kì í lọ lọ́wọ́ òfo:
ó ń mú òróró lọ díẹ̀díẹ̀
bí ọmọ tó ń jí ẹja ìyá rẹ̀ nínú ìkòkò.
N ò bá omi jà.
Ọlọ́run ló ni omi, òun náà ló ni awọ.
Ṣùgbọ́n awọ ń yún mi.

Ti Sínátù ọmọ mi ló kọ́kọ́ dé, láti Jídà:
ìgò kékeré bí ìka, ìdérí wúrà.
Ó ní ojú tó ti hunjọ yóò nà padà.
Mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òórùn òdòdó gba yàrá,
lẹ́yìn náà ni iná.
Ọjọ́ mẹ́ta ni ojú mi fi pọ́n bíi tàtàṣé.
Mo gbé ìgò náà sẹ́yìn dígí,
mo sọ lórí fóònù pé ó dára, ó dára gan-an.
Irọ́ ìyá. Kí Ọlọ́run forí jì mí.

Ní Pósófíìsì, ọmọ tó ń ta ìpara
wo ọrùn mi, kò wo ojú mi.
"Màmá, èyí á bó yín, ẹ ó padà di ọmọ ogún ọdún."
Kí ni n ó fi ogún ọdún ṣe?
Nígbà yẹn ebi ń pa mí, n ò tíì ní máṣíìnì.
Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà!
Mo ṣírò rẹ̀ sí owó ìránṣọ,
ẹ̀yìn ro mí níbi tí mo dúró sí.
Kò sẹ́ni tó máa bó mi.
Iṣu kọ́ ni mí.

Ìpàta ni mo ti bá Ìyá Sábì, ará Kàyámà,
igbá òrí níwájú rẹ̀, aṣọ tútù lórí igbá.
Ó gé díẹ̀ fún mi, bí èékánná àtàǹpàkò,
ó ní n má tíì sanwó.
"Fi pa kọ̀rọ̀ apá, níbi tó rọ̀, kí o sùn.
Bí kò bá yún ọ, padà wá.
Bó bá yún ọ, má padà wá, n ò ní bínú."
Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń nájà,
n ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọlọ́jà rí.

Apá mi sùn. Èmi náà sùn.

Ẹgbẹ̀rin náírà ni mo san nígbà tí mo padà,
ike kan tó kún dẹ́nu.
Mo bi Àfáà Sàdíìkì bóyá òrí ń dí omi lọ́nà;
ó ní àfi bí mo bá rẹ́ ẹ mọ́ra bí ẹni ń rẹ́ ilé.
Nítorí náà, bí mo bá ti kírun tán
ni mò ń bu ìwọ̀nba, mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ,
mo fi ń tẹ̀lé ọ̀rinrin kó tó gbẹ.

Ó ń rùn o, ẹ jẹ́ n sòótọ́.
Èéfín, àti nǹkan mìíràn lábẹ́ èéfín.
Hánáfì ọmọ ọmọ mi di imú rẹ̀ mú:
"Ìyá àgbà, bí ẹ ṣe ń rùn yìí,
bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àbúrò mi ń rùn nígbà tí wọ́n bí i."

Ìlà ojú mi ò lọ síbì kan.
Mo kà wọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n pé.
Ṣùgbọ́n funfun tó wà lórí aṣọ tí mò ń gé,
ẹfun lásán ni.

Sínátù pè lálẹ́ àná:
"Màmá, ṣé ìpara yẹn ti tán, kí n fi òmíràn ránṣẹ́?"
Mo wo ẹ̀yìn dígí.
Mo ní ó ṣì kù díẹ̀.