Ẹni Tí Ń Bọ́ Jẹjẹrẹ

Ní Ṣágámù, lẹ́yìn ọsibítù,
yàrá kan wà tó ń rùn sípíríìtì.
Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe alágbàtọ́ jẹjẹrẹ.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Mo ń fún un lóúnjẹ olómi, pupa bí omi osùn,
mo ń wo ìgbóná àpótí tó ń sùn sí
bí ìyálọ́mọ ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú ọmọ.
Tí iná bá lọ, èmi ni mò ń sáré tan jẹnẹrétọ̀
kí òtútù má baà pa ọ̀tá
kí n tó mọ ohun tó lè pa á.

Inú àpò ìtọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ ni ó ti wá.
Ẹni yẹn ti kú tipẹ́ nílùú òyìnbó;
kò mu omi Ìbù rí, kò mọ Mákun, kò mọ Òfin,
síbẹ̀ ẹran ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i níbí,
ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Bàbá mi, awakọ̀ tó ń kó obì lọ Kánò,
tọ ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ó ní àtọ̀sí ajá ìgbà èwe ló padà wá kí òun.
Ó máa ń fi omi ṣan ilẹ̀ balùwẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Àwa rò pé ìmọ́tótó ni.

Kò sí oògùn yìí nígbà náà.
Kò tíì sí i báyìí náà.
Ìyẹ̀fun funfun ló wà, kò kún orí èékánná,
tí Dókítà Ọ̀náfúwà wọ̀n bí ẹni ń wọn wúrà,
àti àwo oníhò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.
Ìlà òkè kò gba oògùn. Ìlà ìsàlẹ̀ gbà á.
Aago mẹ́ta òru, mo fojú lé maikirosíkóòpù:
lókè, wọ́n há mọ́ra bí èrò ọjà Sábó;
nísàlẹ̀, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún,
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.
Wọn kò kú o. Wọ́n kàn ń lọ́ra ni.

Mo pe dókítà. Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Mosúnmọ́lá, àwo ni, kì í ṣe ènìyàn.
Tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo jáde lọ mu gààrí lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣírò:
ká ní ó lọ́ra báyìí nínú bàbá mi,
tí oṣù mẹ́sàn-án di ọdún mẹ́ta,
bóyá ìtìjú ì bá ti sú u,
ì bá ti sọ ọ́.

Mo ṣan ife. Mo fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.
Mo padà wọlé. Àsìkò oúnjẹ wọn ti tó.