Okùn Ojú Pópó

Ní Punta Arenas, bí oṣù kọkànlá bá dé,
afẹ́fẹ́ a máa bá èèyàn jìjàkadì.
Wọ́n á ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láàárín ìlú,
arúgbó á dì í mú, ọmọ iléèwé á dì í mú.
Èmi náà dì í mú láàárọ̀ àná,
ọgbẹ́ abẹ ṣì ń ta mí lábẹ́ ìdodo,
kúlà wàrà wà lọ́wọ́ mi kejì,
kò wúwo. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí:
kò wúwo.

Baltazar kò dúró de oṣù mẹ́sàn-án.
Ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n ló já ilẹ̀kùn,
ó já a bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síta.
Inú àpótí gíláàsì ló wà báyìí,
wáyà mẹ́ta láyà, rọ́bà tín-ín-rín nímú.
Fìlà tí ìyá mi àgbà hun fún un tóbi jù,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì la kó sínú rẹ̀.
Danko bàbá rẹ̀ wà lójú òkun, ó ń dẹ akàn pupa,
ìgbì ò jẹ́ kí fóònù rẹ̀ dún.

Yàrá tí a ti ń fún ọmú kò ní fèrèsé.
Ẹ̀rọ ń wí pé fà-tú, fà-tú, fà-tú,
wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tọ̀sán tòru.
Mo tẹjú mọ́ ìgò bí ẹni ń ṣọ́ olè,
bí mo sì ṣe ń ṣọ́ ọ ló ń gbẹ.
Obìnrin tó jókòó tì mí ti kún ìgò méjì.
Mo kí i kú iṣẹ́,
mo sì kórìíra rẹ̀ díẹ̀.

Eduvina agbẹ̀bí kò bá mi wí.
Ó kàn fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé bo ìgò náà,
ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti lu.
Ó ní, “Má wò ó mọ́. Gbọ́ èyí.”
Ó ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ̀ mí létí.
Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni, ilé ìdáná rẹ̀ ló ti gbà á sílẹ̀,
mo gbọ́ kẹ́tùlù, mo gbọ́ ajá kan:

“Tú eyín kúrò lára eyín.
Jẹ́ kí èjìká sọ̀kalẹ̀ láti ibi etí tó lọ gbé.
La ọwọ́ rẹ, kò sí ẹni tó fẹ́ já nǹkan gbà.
Mí sínú, títí dé ibi tí abẹ gbà.
Mí síta, kó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ,
bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná fún ọmọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ń bá ọmọ mi mí,
èmi ni ẹ wá ń kọ́ ní mímí!
Lọ́jọ́ kìíní, mo sunkún.
Lọ́jọ́ kejì, mo sùn lọ, ajá Eduvina ló jí mi.
N ò rántí ọjọ́ kẹta.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi aṣọ tí Baltazar gbé orí lé sí imú.
Oògùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀,
lẹ́yìn náà, àtàrí ọmọ mi.
Mo di èémí mú bí okùn ojú pópó:
n ò fà á, n ò já a, mo ń tẹ̀ lé e lọ.
Afẹ́fẹ́ kò dẹwọ́.
Èmi ni mo dẹwọ́.
Ọyàn mi ń ṣe mí bí ẹsẹ̀ tó kú tó ń jí.
N ò wò ó. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀:
tó.
Tó, tó.

Eduvina bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ìgò ò kún. Kò tilẹ̀ dé ìdajì.
Ojú tì mí. Ó ní,
“Ikùn rẹ̀ ò ju hóró àjàrà lọ,
ta lò ń se àsè fún?”

Lálẹ́, wọ́n gbé e lé mi láyà, awọ mọ́ awọ,
afẹ́fẹ́ ń gbá òrùlé ilé ìwòsàn létí.
Wàrà ń gba inú rọ́bà lọ ní tirẹ̀,
ṣùgbọ́n Eduvina fi òwú kán ẹyọ kan sí i létè.
Ó lá a. Ó ronú sí i.
Mo mí.
Ó mì.

Aago mẹ́ta òru, mo tún gbọ́dọ̀ dìde.
Ìbọ̀sẹ̀ náà wà nínú àpò mi.