Ẹ̀wù Òjò

Lọ́sàn-án, orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀wù òjò.
Àtọ́kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló máa ń fi han àlejò:
"Ti bàbá mi ni. Akoto rẹ̀ ló wà lókè yẹn."
Á ti ọwọ́ bọ apá rẹ̀,
á fara ra á bí ewúrẹ́ tó ń fara ra ògiri,
á ní kí ẹ̀wù jẹ gúgúrú díẹ̀,
á bú sẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé kò lẹ́nu.

Lálẹ́ àná, iná lọ ní gbogbo Kétu.
Afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé,
páànù òrùlé ń ké,
ọmọ fò mọ́ mi lọ́rùn, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.
"Ìyá àgbà, ó ń mí."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Mo ní, "Wò ó. Ìṣó nìyí. Bọ́tìnì rẹ̀ nìyí,
èyí tí ìwọ fúnra rẹ já lánàá."
Ó wò ó, ó wò ó.
"Mo mọ̀ pé ẹ̀wù ni," ó ní,
"ṣé òun náà mọ̀?"

Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tí mo ti lò láyé,
ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Ìmọ̀ ọmọ ò kúrú. Ẹ̀rù ló tóbi jù ú lọ,
bí akoto àgbà lórí ọmọ kékeré:
ó bo ojú, ó bo etí,
ohun tí ọwọ́ ti dì mú lọ́sàn-án
wá di ohun tí ọwọ́ ò kàn rí.

Ta ni mo sì jẹ́ tí màá bú u?
Akoto wà lórí ìṣó,
orí tó ni ín wà lójú ọ̀nà Ìlárá, kò tíì dé.
Alùpùpù kan ń bọ̀ láti ẹnu Àkábà,
mo dìde jókòó;
ó kọjá lọ.
Ni mo bá rí kòtò, mo rí bàtà ẹsẹ̀ kan,
kedere, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára rẹ̀.
Ta ló fi hàn mí?
Mo pa tọ́ọ̀ṣì.
N kò fẹ́ kí ẹ̀wù yẹn rí ojú mi.

Àkùkọ ti kọ kó tó wọlé. Táyà ló jò.
Ó jẹ ẹ̀kọ, ó fojú boorun díẹ̀,
òjò ṣú, ó wọ ẹ̀wù, ó dé akoto, ó tún jáde.
Àtọ́kẹ́ dúró lẹ́yìn ìró mi,
ó ń juwọ́: "Ó dàbọ̀ o! Tètè dé!"
N kò bi í
èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń kí.