Ilé Kún

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n gbé ìgò kékeré náà fún mi ní Yemẹtù.
Sílífátù, ọmọ ọdún méjì, láti Bẹẹrẹ.
Ìyá rẹ̀ fi áńkáṣíìfù wé ìgò bí ẹni wé ẹ̀bùn,
ojú ń tì í.
Mo ní, Màmá, ẹ má tijú,
igbẹ́ niṣẹ́ wa níbí, òun la fi ń jẹun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun òkè Màpó rí,
tẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ rí òrùlé pánù tó ti dípẹtà,
ọ̀kan gorí ọ̀kan, tí ẹsẹ̀ ò ráyè láàrin wọn,
bẹ́ẹ̀ nìfun ọmọ ènìyàn ṣe ń rí nígbà tí ara bá le.
Àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín ti gba yàrá, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀,
wọ́n gba abẹ́ àtẹ̀gùn pàápàá.
Wọn kì í sanwó ilé.
Èèpo ẹ̀wà tí ikùn ò lè dà, àwọn ní í bá a dà á,
wọn a sọ ọ́ di omi kíkan tí ògiri ìfun ń mu.

Bí àlejò burúkú bá bá omi kànga wọlé,
lẹ́yìn tí Ògùnpa bá kún,
á kanlẹ̀kùn títí. Ẹ ṣáà fún mi ní igun kan.
Kò sáyè. Oúnjẹ ńkọ́? A ti jẹ ẹ́ tán.
Omi kíkan ń ta á lójú.
Ẹnikẹ́ni ò lù ú, ẹnikẹ́ni ò pariwo olè.
Ilé kún ni.

Ṣùgbọ́n Sílífátù wúkọ́ lóṣù tó kọjá.
Wọ́n ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì, olómi pupa,
wọn ò bi dókítà.
Oògùn yẹn kì í béèrè orúkọ:
ó pa olè, ó pa onílé, ó pa ẹni tó ń gbálẹ̀.
Ikọ́ lọ lóòótọ́.
Agboolé dákẹ́.

Èyí tó wá dùn mí jù,
ará ilé díẹ̀ tó ṣẹ́kù ló bọ́ àlejò.
Wọ́n ń họ adùn lára ikun tó bo ògiri ikùn,
bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.
Tẹ́lẹ̀, aládùúgbò a máa ṣa èérún rẹ̀ jẹ.
Ní báyìí èérún wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣà á.
Àlejò jókòó tì í, ó jẹ, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ bímọ.
Ara bínú, ó dáná sunlé kó lè lé olè jáde;
olè ń yáná.

Mo da omi ògì tó ti kan sórí àwo kan lọ́jọ́ yẹn,
fún ara mi ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba.
Lọ́jọ́ kejì, òrùka mímọ́ kan yí i ká,
àlejò ò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀.
Àwo kì í ṣọmọ. Mi ò sọ fún ìyá rẹ̀.
Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni wọ́n fi gbé Sílífátù dìde,
ṣíbí kan, ṣíbí kan, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìgò kẹta dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, láìsí áńkáṣíìfù.
Ìyá rẹ̀ dúró ti ojú fèrèsé:
Kí lẹ rí?
Mo ní, èrò ni, Màmá.
Èrò ń wọlé.