Èèrí Ìlú Méjì

Yìnyín ti bo fèrèsé dé ìdajì nígbà tí mo jókòó,
ní àjà kẹfà, ní Wínípẹ́gì, nílé àwọn tó ń ka ọkà.
Ọkọ̀ ojú irin gùn nísàlẹ̀ bí ẹjọ́ ìdílé,
ó kó alìkámà, ó ń lọ, kò tán.
Ọ̀gbẹ́ni Friesen gbé iṣẹ́ síwájú mi:
orílẹ̀-èdè kékeré méjì, ọgbọ̀n ọdún.
"Wò ó, kí o sọ èyí tó ní èèrí jù nílé ara rẹ̀."
Ó ní kí n má dárúkọ wọn, kí n má baà gbè sẹ́yìn ẹnìkan.
Ọ̀kan jẹ́ ìlà búlúù, èkejì ìlà pupa.

Èèrí!
Ohun tí Àwẹ̀ró, ìyá bàbá mi,
ń gbọ̀n kúrò lára asẹ́ ní Ìgbòho
kí ó tó pe ewúrẹ́.

Búlúù bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fà bí ìgbín.
Lọ́dún kọkànlá ó fò sókè lójijì:
wọ́n kọ́ ilé ọlọ kan sétí òkun, mo rò bẹ́ẹ̀,
ọkà òkèèrè ń wọlé, èèpo rẹ̀ ń di ti ilé.
Àlejò sùn, ó jí, ó di ọmọ onílé.
Pupa ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé;
òjò rọ̀, ó gòkè; òjò kọ̀, ó wólẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí ohun kan nínú àpótí rẹ̀.
Kì í ṣe òdo o. Òfìfo.
Òdo lẹ́nu, ó ń sọ pé a wá a, a ò rí i.
Òfìfo ò sọ nǹkan kan.

Mo bi Friesen: ṣé ogun ni? Ṣé ìyàn ni?
Àbí akọ̀wé wọn ló ṣàìsàn, tí kò sẹ́ni tó gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀?
Ó gbé èjìká sókè, ó lọ po kọfí.
Ọmọ àgbẹ̀ lòun náà; èèrí ni bàbá rẹ̀ fi ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀,
ó ní kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n rí.

Ìgbà náà ni ojú mi là.
Èèrí inú àtẹ yìí, ti ẹ́ńjìnnì nìkan ni,
èyí tó gba ẹnu ọ̀nà tó ní ìwé.
Ti ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?
Omi ògì tó ń kán tó, tó, tó sínú ìkòkò,
ọwọ́ Àwẹ̀ró tó ń fún un, tó ń fún un,
títí èèrí fi gbẹ bí ọ̀rọ̀ àgbà,
ewúrẹ́ mẹ́fà tó jẹ ẹ́,
ọ̀kan tí wọ́n tà nínú wọn kí n lè san owó ìdánwò:
orílẹ̀-èdè wo ló kọ ọ́ sílẹ̀? Lọ́dún wo?

Èèrí kì í ṣe èérí.
Èèrí kì í sì í ṣe ẹ̀rí, bí a ò bá kọ ọ́.
Àmì orí àti àmì ìdí ló yà wọ́n,
kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ò sì ní ọ̀kankan.

Lálẹ́, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ní òpópó Ellice.
Dókítà ní ìfun mi ti ń lọ́ra, kí n máa jẹ èèrí.
Ó wà lórí pẹpẹ nínú àpò pélébé, àwòrán oòrùn lára rẹ̀,
ó wọ́n ju ìyẹ̀fun lọ.
Mo dúró, mo bú sẹ́rìn-ín, ọmọ tó ń gbowó ń wò mí.
Ẹ̀yin ewúrẹ́ Ìgbòho, ẹ mà jayé o!

Ní òwúrọ̀ mo kọ ìjábọ̀:
Búlúù ló ní jù, láti ọdún kọkànlá.
Nísàlẹ̀, mo fi gbólóhùn kan kún un ní lẹ́tà kékeré,
pé a ò mọ ohun tó wà nínú òfìfo.
Friesen kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ní gbólóhùn náà gùn jù.
Kò yọ ọ́ kúrò.