Ìwé Àṣẹ Ìpẹja

Lọ́dọọdún, kí yìnyín orí adágún tó là,
Toivo Rautio á gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa,
á gbọn bàtà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà,
á ní, "Marlys, ṣé ìwé mi ti jáde?"
Ìwé àṣẹ ìpẹja ni.
Ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún ẹni tó bá jagun lọ́fẹ̀ẹ́.
Ohun kan ṣoṣo tó ń gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn
láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń jókòó síbí,
ní àríwá Minẹsótà, láàárín àsíá méjì,
pẹ̀lú ẹ̀rọ kọfí tó ń jò.

Mo ní owó-orí ilé rẹ̀ yẹ kó dínkù.
Ó ní orí kò fọ́ ilé òun.
Mo ní yàrá ṣófo nílé ìtọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì,
ó kọjú sí odò, ooru rẹ̀ kì í kú.
Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò nígi ìdáná.
Mo ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ńkọ́?
Ó ní, "Kí lo wí?"
Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni.
"Èmi lọ, mo sì bọ̀," ó wí. "Gbèsè wo ló kù?
Reino Kangas ni kí ẹ lọ bi. Òun ni kò bọ̀."

Lọ́dún yìí, ó dé nígbà tí yìnyín ṣì nípọn bí ògiri.
Kò gbọn bàtà. Ó jókòó.
N kò rí i kó jókòó rí.
Omi ń yọ́ lára bàtà rẹ̀ sórí pákó,
ó ń wò ó bí ẹni ń kàwé.
Ó ní, "Aili ni etí mi."

Mo mọ Aili. Òun ní í fọwọ́ kàn án ní ìgúnpá
bí agogo ẹnu ọ̀nà bá dún, bí omi bá hó,
bí dókítà bá béèrè ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń fi ẹ̀rín dá lóhùn.
Oṣù kìn-ín-ní ló ṣubú nínú balùwẹ̀.
Ó pè é. Ó ṣeé ṣe kó pè é títí.
Toivo wà ní yàrá kejì, ó kẹ̀yìn sílẹ̀kùn,
ó ń so ìwọ̀ mọ́ okùn tuntun.

Ẹ̀tù ìbọn ló jẹ etí yẹn, ní Fiẹtinámù,
lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.
Etí tí ẹ̀tù jẹ, ẹ̀tọ́ wo ló lè gbà á padà?
Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo fa fọ́ọ̀mù yọ,
fọ́ọ̀mù ni ìjọba fi lé mi lọ́wọ́.

Etí wo ni? "Èyí tí Reino wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."
Mo kọ ọ́: òsì.
Ọjọ́ wo? Ó sọ ọ́ kíákíá, títí dórí wákàtí.
Ta ni ẹlẹ́rìí?
Ó wojú mi. "Reino Kangas."
Àyè kékeré wà níbẹ̀ fún àdírẹ́sì.
Mo kọ orúkọ itẹ́ òkú, àti ìlà, àti nọ́ńbà.
Fọ́ọ̀mù kò sọ pé ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà láàyè.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lù ú ní òǹtẹ̀.

"Kì í ṣe ọrẹ, Toivo," mo wí, ohùn mi lọ sókè jù,
"gbèsè ni, gbèsè kì í sì í rà."
N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.
Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà:
"Ìwé mi ńkọ́?"

Oṣù kẹfà ló tún wá,
ẹja méjì nínú ìwé ìròyìn, ojú wọn ṣì ń dán.
Òfin ní n kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn.
Mo ní kó gbé e sójú fèrèsé ná, kí n ronú sí òfin.
Ohun kékeré kan wà lẹ́yìn etí òsì rẹ̀.
Kò dárúkọ rẹ̀. Èmi náà kò bi í.
Ó dúró, ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wo igun yàrá.
"Marlys," ó wí, "ẹ̀rọ kọfí yìí ń jò.
Ó ti tó ìgbà wo?"